Alágbàtà Yìí Kò Sọ Ọjà Di Ọ̀wọ́n

Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Àwa la jìn sí kòtò yìí, ẹ jẹ́ ká sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún yín.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan ni. Akọ̀wé ẹgbẹ́ àjẹsẹ́kù kan ní ìlú kékeré kan ní agbègbè Lágelú pè wá lórí fóònù. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀rọ yín yìí ti ń hó bí ẹ̀rọ ìlọta láti àná o. Gbogbo yàrá ló gbóná. Ṣé bó ṣe yẹ kó máa ṣe nìyẹn?” A ní, “Rárá, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ wáyà íntánẹ́ẹ̀tì lára ẹ̀, à ń bọ̀.”

Nígbà tí a débẹ̀, a rí i pé àlejò tí ẹnikẹ́ni ò pè ti wọ inú server náà. Ó ń fi ẹ̀rọ àti iná ẹgbẹ́ wa owó kírípítò fún ara rẹ̀ bí ẹni ń wa kùsà. A wá ibi tó gbà wọlé títí a fi rí i. Kì í ṣe ara Debian tó wà lórí ẹ̀rọ náà ló gbà. Ara sọ́fíwíà kan ṣoṣo tí àwa fúnra wa gbà ní tààrà lọ́dọ̀ àwọn tó ṣe é ló gbà, èyí tí a fọwọ́ ara wa kó sínú /usr/local nítorí pé nọ́ńbà ẹ̀dà rẹ̀ ga ju ti Debian lọ. Oṣù mẹ́rìnlá ló ti wà níbẹ̀. Àwọn tó ṣe é ti gbé àtúnṣe ihò yẹn jáde tipẹ́tipẹ́, ṣùgbọ́n ta ló máa sọ fún ẹ̀rọ? Gbogbo ohun tó bá apt wọlé ń gba àtúnṣe tiwọn lóru, láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni dìde lórí ibùsùn. Èyí tí a fi ọgbọ́n orí wa mú wọlé nìkan ló jókòó síbẹ̀ bí ọmọ òrukàn.

Ọjọ́ mẹ́rin gbáko la fi jókòó ti Màmá akọ̀wé. Òun gbé ìwé ńlá tó fọwọ́ kọ síwájú, àwa gbé ẹ̀dà dátà tí a tọ́jú síwájú, a ń pe orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan: ta ló dá ẹgbẹ̀rún méjì náírà lóṣù yìí, ta ló yá owó ajílẹ̀, ta ló ti san án tán. Ọpẹ́ ni pé kò sí owó tó sọnù. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹgbẹ́ pé jọ, tí a ní láti dúró síwájú wọn ká jẹ́wọ́, bàbá àgbẹ̀ kan nawọ́ sókè, ó ní, “Ẹ má bínú o. Ẹni tó wọlé yẹn, ṣé ó ti mọ iye tí mo jẹ báyìí?” A ò lè bú­ra fún un pé kò mọ̀ ọ́n. Màmá ò pariwo mọ́ wa. Ohun tó bi wá ò ju èyí lọ: “Kí ló dé tẹ́ ẹ fi tuntun síbẹ̀? Ṣé ti tẹ́lẹ̀ ò ṣiṣẹ́ ni?”

A dákẹ́. Ti tẹ́lẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ìdáhùn tí a ò rí sọ lọ́jọ́ náà la kọ síbí.

Ẹ jẹ́ ká là á fún ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ò yé. Sọ́fíwíà open source tí à ń lò lórí server, bíi nginx, PostgreSQL, Redis, OpenSSH, ọ̀nà méjì ló gbà ń dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀nà kìíní ni kí èèyàn lọ sí orísun, ìyẹn ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kọ ọ́ gan-an, kó pọn omi níbi tó ti ń sun. Ọ̀nà kejì ni kó gbà á lọ́wọ́ Debian, Ubuntu, Red Hat àti irú wọn: àwọn tó ń kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún sọ́fíwíà jọ láti orísun, tí wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n ń dì í, tí wọ́n ń fọwọ́ sí i, tí wọ́n sì ń bá wa tọ́jú rẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Alágbàtà ni wọ́n.

Yorùbá ní alágbàtà ní í sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Òwe yìí gan-an ló wà lọ́kàn àwọn ọ̀dọ́ kọ̀ǹpútà wa, bí wọn ò tiẹ̀ pa á. Wọ́n á ní, “Debian ti pẹ́ jù jàre. Kí ni mo fẹ́ fi nginx 1.22 ṣe nígbà tí tuntun ti jáde? Lọ sórísun!” Wọ́n á ṣí fídíò kan, wọ́n á da àṣẹ kan kọ: curl, àdírẹ́sì kan, ọ̀pá kan, sudo bash. Ìṣẹ́jú méjì, ó ti parí. Ohun tí wọ́n ṣe yẹn, ẹ̀yin èèyàn wa, ni pé wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilé fún àlejò tó wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní kó wọlé kó tún un ṣe, kó sì máa lọ.

Ohun tí àwa ń sọ ni pé fún àwọn server kéékèèké tí à ń tọ́jú ní Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, ti ẹgbẹ́ àjẹsẹ́kù, ilé ìwòsàn oníbẹ́ẹ̀dì mẹ́fà, ilé ẹ̀kọ́ aládàáni àti ilé iṣẹ́ gàrí, ti alágbàtà ni ká lò. Ẹni tó bá fẹ́ lo ti orísun ló gbọ́dọ̀ wá ṣàlàyé. Lóde òní, ẹni tó lo ti Debian là ń ní kó wá ṣàlàyé, bí ẹni tó jí nǹkan. A ti gbé ẹrù náà lé orí ẹni tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kúrò nídìí kọ̀ǹpútà díẹ̀, ká lọ sọ́nà Mọ́níyà. Láti ọdún 1967 ni IITA ti wà ní Ìbàdàn, lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, ní ilẹ̀ Akínyẹlé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe irú ẹ̀gẹ́ tuntun. TMS 30572 tí àwọn àgbẹ̀ gbìn káàkiri, ibẹ̀ ló ti jáde. Oko àwọn èèyàn wa kò jìnnà sí ògiri wọn rárá. Síbẹ̀, àgbẹ̀ tó gbọ́n kì í fo ògiri lọ ṣẹ́ igi ẹ̀gẹ́ lórí oko ìdánwò. Ó mọ̀ pé èyí tó wà lórí oko ìdánwò lè sunwọ̀n, ó sì lè jẹ́ èyí tí wọ́n máa fà tu lọ́dún tó ń bọ̀. Wọ́n á gbin irú tuntun sí ilẹ̀ oríṣiríṣi, òjò á rọ̀ sí i, ọ̀dá á dá a, kòkòrò á wá wò ó. Lẹ́yìn èyí ni ìgbìmọ̀ orílẹ̀-èdè á jókòó lé e kí wọ́n tó fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. NACGRAB tó wà ní Moor Plantation níbí ló ń bójú tó ìforúkọsílẹ̀ ọ̀hún. Ìgbà náà ni igi rẹ̀ á wá máa tọwọ́ ẹnì kan dé ọwọ́ ẹlòmíì títí tó fi máa dé Lálúpọn àti Akànrán.

IITA ni orísun níbẹ̀. Gbogbo àwọn tó wà láàárín ni alágbàtà. Ẹnikẹ́ni ò sì pe àgbẹ̀ tó dúró dè wọ́n ní ará oko tí ojú rẹ̀ ò là. Ọgbọ́n ló lò. Kí ló wá dé tó jẹ́ pé tó bá di ọ̀rọ̀ server, ẹni tó dúró ni à ń fi ṣe yẹ̀yẹ́? Àgbẹ̀ tiẹ̀ sàn jù wá lọ lọ́nà kan: bí ewé ẹ̀gẹ́ bá ṣàìsàn, á rí i lójú. Server tó ṣàìsàn lè máa rẹ́rìn-ín sí yín fún oṣù mẹ́rìnlá.

Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ jẹ ni nọ́ńbà. Wọ́n rí 1.22, wọ́n rí 1.28, wọ́n ní èyí tó ga ló dáa. Ẹ gbọ́ ná. Debian 12 jáde ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 2023 pẹ̀lú nginx 1.22. Òótọ́ ni pé àwọn tó ṣe nginx ti ṣí lọ sí 1.24 ní oṣù Kẹrin ọdún náà. Bẹ́ẹ̀ ni kò túmọ̀ sí pé òkú ni Debian gbé fún wa. Ohun tí alágbàtà yìí ń ṣe ni pé bí wọ́n bá rí ihò lára tuntun, wọ́n á wò ó bóyá ó wà lára ti àtijọ́ náà. Bó bá wà níbẹ̀, wọ́n á gé àtúnṣe yẹn nìkan, wọ́n á rán an mọ́ ti àtijọ́, wọn ò ní fọwọ́ kan ohun mìíràn. Nọ́ńbà iwájú kò ní yí padà. Ìrù rẹ̀ ló máa yí, ìrù náà kọ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń kà.

Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni Heartbleed, ihò tó wà lára OpenSSL tí ayé gbọ́ nípa rẹ̀ ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 2014. Láti 1.0.1 títí dé 1.0.1f ló ní in. Àwọn orísun ní kí gbogbo ayé bọ́ sí 1.0.1g. Debian 7 kò bọ́ síbẹ̀: 1.0.1e tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló rán, ó sì fi deb7u5 sí ìrù rẹ̀. Ẹni tó ń fi nọ́ńbà iwájú ṣe òṣùwọ̀n á ti máa pariwo pé “e” ṣì ni wọ́n ń lò, nígbà tó jẹ́ pé ihò ti dí. Èyí tó tún dùn jù níbẹ̀ ni ti Debian 6. OpenSSL 0.9.8 ló wà lára tiẹ̀, arúgbó tí gbogbo èèyàn ń bú. Heartbleed kò rí i fín. Ohun tó la ihò náà kò tíì sí lára rẹ̀ rárá, 1.0.1 ti ọdún 2012 ló gbé e dé. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà tí à ń sọ níbí ni gbogbo àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ ojú ti rí, tí ọ̀pọ̀ ọwọ́ sì ti tún ṣe.

Ẹ wò ó láti ìhà mìíràn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, ihò kan yọ lára Log4j, ohun èlò kékeré tí àìmọye sọ́fíwíà Java ń lò láti kọ ìtàn iṣẹ́ wọn sílẹ̀. Ẹni tó gba gbogbo tirẹ̀ lọ́wọ́ alágbàtà ní ẹrù kan láti tún ṣe. Ẹni tó ti ń já nǹkan láti orísun lọ́kọ̀ọ̀kan, tí olúkúlùkù wọn gbé Log4j tirẹ̀ sínú àpò, bẹ̀rẹ̀ sí í túlé káàkiri: ṣé eléyìí ní in? Ṣé tọ̀hún náà ní in? Gbogbo aláǹgbá ló da inú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ohun kan náà ló wà nídìí àwọn image Docker tí à ń fà wọlé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, Debian ló wà nínú wọn lọ́hùn-ún! Ṣùgbọ́n Debian tí wọ́n dì pa lọ́jọ́ kan, tí apt tó wà lórí ẹ̀rọ yín kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ẹ ò bá fa tuntun tún un ṣe, bẹ́ẹ̀ lá ṣe wà.

A mọ̀ pé àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ló yàtọ̀, pé wọ́n ń lo tuntun lójoojúmọ́ lọ́hùn-ún. Bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní èèyàn tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó ka ìkìlọ̀ ààbò láti òwúrọ̀ dalẹ́. Wọ́n ní ẹ̀rọ ìdánwò, wọ́n ní ẹni tó ń jí lóru. Àwa mélòó la jẹ́? Mẹ́ta ni wá tí à ń tọ́jú server tó ju ogún lọ láti Mọ́níyà dé Akànrán, ọ̀kadà la sì ń gùn dé ibòmíì. Bí ọ̀kan nínú wa bá lọ sìnkú bàbá rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan, ìdá mẹ́ta gbogbo ẹni tó mọ̀dí ọ̀rọ̀ ti lọ nìyẹn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Láti ọdún 1993 ni àgbájọ ọwọ́ tó ń jẹ́ Debian ti wà. Ẹni tó bá ní òun á fi ọwọ́ ara òun ṣe iṣẹ́ gbogbo wọn fún ẹgbẹ́ àjẹsẹ́kù kan, kó kọ́kọ́ sọ iye wákàtí tó ní fún wa.

Ẹ má gbàgbé owó dátà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025 ni NCC fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù lè fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn. Àtúnṣe ààbò Debian kì í wúwo lọ́pọ̀ ìgbà: ẹrù tó ní ihò nìkan ló ń fà. A sì lè fi apt-cacher-ng sórí ẹ̀rọ kan, kí ẹ̀rọ yẹn fa ẹrù lẹ́ẹ̀kan, kí gbogbo ẹ̀rọ yòókù tó wà nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ náà bu tiwọn níbẹ̀. Ẹ wá fi èyí wé image Docker mẹ́fà tí ẹ̀ ń fà tuntun lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lórí módẹ́ẹ̀mù kan tí netiwọ́ọ̀kì rẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀ bí iná ọba.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, àwọn wáyà abẹ́ òkun bà jẹ́ nítòsí Abidjan, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 lẹ́ẹ̀kan náà, íntánẹ́ẹ̀tì sì dákú káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹni tí server rẹ̀ ò lè jí láì kọ́kọ́ fa nǹkan láti ìlú òyìnbó mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́jọ́ náà. Èyí tó ní gbogbo ohun tó nílò lórí ara rẹ̀ kò mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀.

A kì í fi apá kan dá ẹjọ́, kí á sọ ẹ̀ṣẹ̀ alágbàtà náà. Ó ní ẹ̀ṣẹ̀, kì í sì ṣe kékeré.

Ní ọdún 2006, Debian tún ìlà díẹ̀ ṣe lára OpenSSL tirẹ̀ torí pé ohun èlò àyẹ̀wò kan ń ráhùn. Ìlà tí wọ́n yọ yẹn ló ń kó ohun àìròtẹ́lẹ̀ jọ fún ṣíṣe kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀. Láti ọjọ́ náà títí di ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún ọdún 2008 tí àṣírí tú, kọ́kọ́rọ́ tí Debian àti Ubuntu ń ṣe fún irú àti ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan kò ju nǹkan bí 32,768 lọ. Olè tó bá ní sùúrù lè gbìyànjú gbogbo wọn tán. Orísun kò mọ́wọ́ mẹ́sẹ̀ níbẹ̀. Alágbàtà ló fọwọ́ ara rẹ̀ fa á. Ní ọdún 2022 náà, ihò kan yọ lára Redis tó jẹ́ pé ẹ̀dà tí Debian àti Ubuntu dì nìkan ló ní in, torí bí wọ́n ṣe so Lua mọ́ ọn. Ẹni tó gba Redis lórísun sùn dáadáa lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ wá gbọ́ ti xz. Ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2024 ni, oṣù kan náà tí wáyà òkun já. Ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Jia Tan ti fi ọdún tó lé ní méjì bá wọn ṣiṣẹ́ lórí xz, ohun èlò fífún fáìlì pọ̀, títí wọ́n fi fọkàn tán an, tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. Ó wá fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sínú ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1. Orísun gan-an ni májèlé ti wá! Andres Freund ló rí i, kì í sì ṣe pé ó ń wá olè: ó kàn rí i pé wíwọlé pẹ̀lú ssh fi bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ti dé Debian sid àti testing nígbà yẹn. Kò dé Debian stable. Àwọn tí wọ́n ń bú pé wọ́n lọ́ra, ìlọ́ra wọn ló gbà wọ́n.

Ẹni tó mọ ìtàn náà dáadáa á dá wa dúró níbí: “Ẹ sọ ọ́ tán!” Ó dáa, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ tán. OpenSSH bó ṣe ń ti orísun bọ̀ kò bá xz ṣe pọ̀ rárá. Àwọn alágbàtà kan, Debian wà lára wọn, ló fi kún un kó lè máa bá systemd sọ̀rọ̀, systemd ló sì mú xz dání wọlé. Nítorí náà, orísun kan ló gbé májèlé wá, ọwọ́ alágbàtà ló sì la ọ̀nà tó fẹ́ gbà dé ọ̀fun. Àwa ò sọ pé áńgẹ́lì ni alágbàtà. Ohun tí à ń sọ ni pé nígbà tí alágbàtà bá ṣẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú ló ń wò ó, bí ó bá sì tún un ṣe, àtúnṣe náà á bá server Màmá nílé lóru ọjọ́ kan náà. Nígbà tí àwa bá ṣẹ̀ lórí ohun tí a fọwọ́ ara wa kó sí /usr/local, ojú ta ló ń wò wá?

A ò wá sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lọ sórísun láé. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n a ti fi ìlànà lélẹ̀ láàárín ara wa láti ọjọ́ Lágelú, a sì kọ ọ́ sára ògiri.

Èkíní, sọ́fíwíà tí òun gan-an jẹ́ iṣẹ́ wa, tí à ń kọ lójoojúmọ́, a lè mú un lórísun, torí ojú wa ò kúrò lára rẹ̀. Èkejì, bí a bá ní ti Debian ti gbó jù, a gbọ́dọ̀ dárúkọ ohun tí a fẹ́ lò tí kò sí níbẹ̀. “Ó jẹ́ tuntun” kì í ṣe ìdáhùn. Ìgbà mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, a kì í rí nǹkan kan dárúkọ. Ẹ̀kẹta, bí a bá máa lọ, ibi tí orísun fúnra rẹ̀ ti ń dì í fún apt la máa gbà á. Àwọn PostgreSQL ní apt.postgresql.org, nginx náà ní tiẹ̀. Ohun tó bá gba ibẹ̀ wọlé lè máa gba àtúnṣe lọ́nà kan náà pẹ̀lú àwọn yòókù, bí a bá ti tò ó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹrin, orúkọ ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé: ta ló ń ka ìkìlọ̀ rẹ̀, ọjọ́ wo ló ń kà á, ta ló gba ipò rẹ̀ bó bá rìnrìn àjò. Bí kò bá sí orúkọ, kò sí sọ́fíwíà.

Ẹ̀karùn-ún ló kan àwa tí à ń gbè sẹ́yìn alágbàtà. Ààbò alágbàtà ní òpin. Debian stable kọ̀ọ̀kan, bí ẹ bá ka àsìkò LTS mọ́ ọn, bí ọdún márùn-ún ni. Ti Debian 10 ti parí ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 2024, a sì ń rí server tó ṣì wà lórí rẹ̀, tí olówó rẹ̀ ń fọ́nnu pé “stable” ni òun ń lò. Òkú ló ń lò. Lórí Ubuntu náà, ẹ máa wo inú àpótí tí ẹrù yín ti wá: ti main ni ẹgbẹ́ aláàbò wọn ń tọ́jú fún gbogbo èèyàn, ti universe kò rí bẹ́ẹ̀, àfi kí ẹ forúkọ sílẹ̀ fún Ubuntu Pro. Ẹni tó ní òun gbẹ́kẹ̀ lé alágbàtà, kó mọ ohun tí alágbàtà ṣèlérí.

Ohun tó kù tí a fẹ́ sọ kò dùn, àwa náà wà lára àwọn tí à ń bá wí. Ìdí tí ọ̀pọ̀ wa fi ń lọ sórísun kì í ṣe ìdí kan tó jẹ mọ́ server. CV ni. A fẹ́ lè kọ ọ́ pé a ti lo tuntun, ká lè rí iṣẹ́ ní Èkó tàbí ní òkè òkun. Ẹ̀bi kọ́ ni kéèyàn fẹ́ gòkè. Ṣùgbọ́n owó ajílẹ̀ bàbá àgbẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ ìdánwò wa. Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré kan tàbí ẹ yá ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ kó gbogbo tuntun ayé sórí rẹ̀, ẹ fọ́ ọ, ẹ tún un tò, ẹ fi kọ́ṣẹ́. Bí ẹ bá wá wọlé sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́ tó fi iṣẹ́ lé yín lọ́wọ́, ẹ fi tuntun sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ẹ̀rọ yẹn ò mọ ohun tó ń jẹ́ ẹ̀dà. Wọn ò lè wo iṣẹ́ wa kí wọ́n sọ pé ó dáa tàbí kò dáa. Wọ́n kàn fọkàn tán wa ni. Láti ọdún 2023 tí Òfin Ààbò Dátà ti jáde ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ ìfọkàntán yìí ti di ọ̀rọ̀ òfin pẹ̀lú, ṣùgbọ́n àwa ò rò pé ó yẹ kó dọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ká tó mọ̀ pé ẹrù ẹni ẹlẹ́ni kì í ṣe ohun ìṣeré.

Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́. A ti tún server Lágelú tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ ló bá apt wọlé, àyàfi sọ́fíwíà tí àwa fúnra wa kọ fún ẹgbẹ́. Lóru, bí iná bá wà, ó ń fa àtúnṣe tirẹ̀. Bí iná ò bá sí, ó ń dúró dìgbà tí wọ́n bá tan jẹnẹrétọ̀ láàárọ̀. Kò ní nǹkan kan tí ẹnikẹ́ni lè fi yangàn lórí Twitter. Nígbà tí a débẹ̀ kẹ́yìn, Màmá akọ̀wé ní ẹ̀rọ náà ti dákẹ́ débi pé ó kọ́kọ́ rò pé ó ti kú. Ó ṣì ń kọ ìwé ńlá rẹ̀ lọ́wọ́ o. A ní, “Mà, ẹ tún ń kọ ọ́?” Ó wò wá, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀yin ẹ máa ṣe tiyín, èmi náà á máa ṣe tèmi.”

A ò jiyàn. Òun náà ló kọ́kọ́ béèrè bóyá ti tẹ́lẹ̀ ò ṣiṣẹ́.